Ẹni Tó Ń Tẹ Ẹwìrì Lẹ́yìn Kọ́tìnì

Ìsọ̀ Àmúsà Káfíńtà,
Ẹ̀yìn Mọ́ṣáláṣí,
Ìkòtún, Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́rú, lẹ́yìn ìrun Alásárì.

Gideon ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ o. Mo kí ọ kú àìríra, mo sì kí ọ kú ìfaradà. Mo bẹ Ọlọ́run kí ìwé yìí bá ọ lórí ìdúró ní Ayọ̀bọ̀, kí ẹ̀jẹ̀ ríru má gbé ọ ṣánlẹ̀, kí orúnkún tó ń dùn ọ́ sì ti fúyẹ́ díẹ̀. Ní tèmi, ara le, ṣùgbọ́n mi ò lè sọ pé àlàáfíà ni mo wà, torí ẹni tí ojú ń tì kì í mọ adùn oúnjẹ lẹ́nu. Sìdíkátù ìyàwó mi kí ọ. Òun ló máa gbé ìwé yìí fún Agnes ìyàwó rẹ, kí Agnes lè gbé e bá ọ nínú ilé tí o ò tíì kọ́ tán yẹn, níbi tí o sá pamọ́ sí.

Ó máa yà ọ́ lẹ́nu pé èmi Àmúsà jókòó kọ̀wé, èmi tí mo máa ń pariwo láti ìsọ̀ mi dé ojú títì. Fóònù rẹ kò lọ láti ọjọ́ Àìkú. Mo sì ti wá sí Ayọ̀bọ̀ lọ́jọ́ Ajé, o ò mọ̀ ni. Ọlọ́kadà já mi sílẹ̀ níbi tí ọ̀nà ti bàjẹ́, mo fẹsẹ̀ rin ìyókù, mo dé ẹnu ọ̀nà rẹ, mo ń gbọ́ ikọ́ rẹ nínú ilé. Mo gbé ọwọ́ sókè kí n kan ilẹ̀kùn, mi ò kàn án, mo yí padà. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Èmi ò ní ojú tí mo máa fi wò ọ́, mo sì mọ̀ pé bí mo bá rí ọ, ẹnu mi á tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá irọ́ mìíràn.

Ọ̀rọ̀ tí mo ní kan dùrù wa. Wọ́n ní ọjọ́ Sátidé ni wọ́n máa tú u palẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì yín, torí wọ́n gbà pé o kò mọ̀ ọ́n ṣe, ìwọ náà sì ti gbà bẹ́ẹ̀. Nǹkan tí mo fẹ́ sọ gbọ́dọ̀ dé etí rẹ kí ọjọ́ náà tó pé. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé o ò gbàgbé, èmi ni mo fẹ́ rántí ohun tí mo bà jẹ́.

Ilé kan tí wọ́n ń kọ́ ní Ayọ̀bọ̀ ló pa wá pọ̀. Ìwọ ń to páìpù omi, èmi ń kan òrùlé. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, atẹ́gùn fẹ́, ọ̀kan nínú àwọn páìpù rẹ tó fẹ̀yìn ti ògiri sì dún, ohùn gígùn kan, bí ẹni ń pe èèyàn láti òkèèrè. Àwọn bíríkìlà rẹ́rìn-ín. Ìwọ kò rẹ́rìn-ín. O gé òmíràn kúrú díẹ̀, o fi ẹnu fẹ́ ẹ, o wò mí, o ní, “Káfíńtà, gbọ́ bí àwọn méjèèjì ṣe bára wọn mu.” Láti ọjọ́ náà lo ti ń dà mí láàmú. O ní ìwọ lò ń tẹ dùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì yín ní Ẹgbẹ́dá, pé dùrù oníná tí ẹ ní máa ń kú sáàárín orin bí wọ́n bá ti mú iná lọ, pé bí ẹ bá sì tan jẹnẹrétọ̀, òun ló máa ń kọrin ju àwọn akọrin lọ. O ní dùrù onípáìpù, tí ẹsẹ̀ èèyàn ń fún ní afẹ́fẹ́, kò bẹ̀rù ẹni tó ń mú iná lọ.

Mo ní orí rẹ dà rú, mo sì bá ọ ṣe é. Ẹ̀yìn ìsọ̀ mi ni a ti ṣe é. Ìwọ ń gé páìpù, ò ń la ẹnu fún wọn bí ẹnu fèrè. Èmi ń kan àpótí, mo ń fá àwọn igi pẹlẹbẹ tí ìka á máa tẹ̀, mo ń so wáyà tó máa ṣí ihò fún afẹ́fẹ́ bí ìka bá ti balẹ̀. Páìpù kì í gba àṣìṣe: bí o bá gé e kúrú jù, ohùn rẹ̀ á ga jù, ó tán nìyẹn. Gbogbo èyí tó bàjẹ́ ni Sìdíkátù kó, ó fi ṣe ọgbà yí ewúro rẹ̀ ká. Títí dòní, bí atẹ́gùn bá fẹ́, ọgbà ewúro ìyàwó mi máa ń kọrin tí kò bára mu. Páìpù tó tóbi jù lọ, a ò rí irú rẹ̀ rà, mo fi pákó kàn án. A sọ ọ́ ní Bàbá, torí ohùn rẹ̀ jọ ti àgbàlagbà tó ń ha ọ̀fun kó tó dá sí ọ̀rọ̀.

Ẹwìrì ló kọ́kọ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa. Mo ní ká fi tapólì mọ́tò ṣe é. O ní rárá, pé awọ ni alágbẹ̀dẹ fi ń ṣe ẹwìrì tirẹ̀, pé awọ àgbò lo fẹ́. Ìwọ onígbàgbọ́ wá rán èmi Mùsùlùmí lọ ṣagbe awọ nígbà Iléyá. O mọ̀ pé àwa kì í bó awọ àgbò, a máa ń sun irun rẹ̀ nínú iná ni, a máa ń ha á, a sì máa ń jẹ ẹ́ mọ́ ẹran. Mo ń lọ láti ojúlé dé ojúlé ní Ìkòtún títí dé Ìgàndó, mo ń bẹ àwọn èèyàn kí wọ́n bó tiwọn fún mi. Alàájì Ṣàíbù bi mí bóyá orí mi pé. Ó ní, “Kí n jẹ ẹran Iléyá láìní awọ, torí kí ṣọ́ọ̀ṣì lè rí orin kọ?” Síbẹ̀ ó bó o fún mi, ó ní kí n sọ fún yín pé àgbò òun ló ń mí fún yín. O fi iyọ̀ àti òróró pa àwọn awọ náà títí wọ́n fi rọ̀, àdúgbò ń bú wa nítorí òórùn, Sìdíkátù náà ń bú wa. Ọwọ́ ara rẹ lo fi rán an, ìwọ pẹ̀lú ìgò lójú, bí ìyá arúgbó tó ń lẹ ṣòkòtò.

Mo rántí ọjọ́ tó kọ́kọ́ dún dáadáa. Ládánì mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìn ilé jáde sí wa, ó ní kí ni ariwo yìí. Kí ó tó lọ, ó ti bọ́ bàtà, ó ní kí n jẹ́ kí òun náà tẹ ẹwìrì díẹ̀. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn ju ọjọ́ tí mo gba fírídọ́ọ̀mù iṣẹ́ mi lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyí. Ní ọ̀sẹ̀ ìyàsímímọ́ dùrù náà, ṣọ́ọ̀ṣì yín so bánà kan mọ́ òpó lójú ọ̀nà Ẹgbẹ́dá sí Ìdímù. Inú kẹ̀kẹ́ ni mo wà tí mo rí i. Fọ́tò rẹ wà níbẹ̀, orúkọ rẹ wà níbẹ̀ gàdàgbà. Mo ń wá orúkọ tèmi títí kẹ̀kẹ́ fi kọjá. Mo mọ̀ pé ìwọ kọ́ lo tẹ bánà, ó yẹ kí n bi ọ́, mi ò bi ọ́. Nígbà tí mo dé ìsọ̀, Zikrullah wẹ́dà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ti rí i. Ó ní, “Àmúsà, ìwọ lo lóyún, ẹlòmíràn ló ń sọ ọmọ lórúkọ.” Mo bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá mi délé.

Ọjọ́ Àìkú pé. O ti ní kí n wọ aṣọ tó dáa. Mo bi ọ́ pé ta ló máa rí mi lẹ́yìn kọ́tìnì tí mo ti ń tẹ ẹwìrì, o kàn rẹ́rìn-ín, o lọ. Ooru mú lẹ́yìn kọ́tìnì yẹn. Ihò kékeré kan wà lára rẹ̀, ibẹ̀ ni mo ń gbà wo iwájú. Mo rí bíṣọ́ọ̀bù, mo rí àwọn alàgbà, mo rí àga òfìfo kan tí wọ́n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó rẹ. Àga náà burẹ́wà. Ó fì sápá kan, ìṣó yọrí níbi tí kò yẹ. Mo ní nínú ara mi pé àwọn ará ibí yìí mà ya aláìmọkan o, káfíńtà ń bẹ nílé, wọ́n lọ gbé àga fún ọ̀dẹ̀ kàn fún ẹni ńlá wọn.

Wọ́n ní kí o sọ̀rọ̀ kí o tó tẹ̀ ẹ́. O di makirofóònù mú. O ní, “Ẹ má yìn mí o. Kì í ṣe ọgbọ́n mi. Ọlọ́run nìkan ló ṣe é.” Gbogbo ìjọ hó. Èmi ń retí ìyókù. Mo lẹ etí mọ́ kọ́tìnì, mo ń retí orúkọ mi. O fi makirofóònù sílẹ̀, o jókòó, o na ọwọ́ sí dùrù.

Dùrù náà dún, Gideon. Ó kún ilé náà dé òrùlé, àwọn èèyàn dìde láìjẹ́ pé ẹnì kan ní kí wọ́n dìde. Mo gbọ́ Bàbá nínú rẹ̀, pákó tí mo fi ọwọ́ ara mi fá. Ó yẹ kí n sunkún ayọ̀. Ńṣe ni inú ń bí mi sí i, o mọ bí inú ṣe máa ń bí mi, ó máa ń gùn mí lórí ni. Mo ní nínú ọkàn mi pé, ó dáa, bó bá jẹ́ Ọlọ́run nìkan ló ṣe é, kí Ọlọ́run nìkan fẹ́ ẹ. Nígbà tí ẹ dé ẹsẹ kẹta orin náà, mo gbé ẹsẹ̀ mi kúrò lórí ẹwìrì.

Ohun tí mo ń bá bọ̀ nìyẹn. Ẹwìrì kò jò. Awọ kò ya, okùn tí o fi rán an kò tú. Kò sí ohun tó ṣe dùrù rẹ. Èmi ni mo gbé ẹsẹ̀ kúrò.

Ìwọ náà gbọ́ bó ṣe kú. Ohùn rẹ̀ ń wálẹ̀, ó ń wọ́, bí ẹni tí oorun ń gbé lọ. Bàbá ló dákẹ́ kẹ́yìn. Ẹnì kan nínú àwọn akọrin rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ràn ká gbogbo ilé, mo rí bíṣọ́ọ̀bù tó fi ìwé orin bo ẹnu. Láti ihò kọ́tìnì, ẹ̀yìn ọrùn rẹ ni mò ń rí. Ìka rẹ ṣì ń tẹ dùrù tí kò dún mọ́. Mi ò lè gbé ìyẹn kúrò lójú mi.

Èyí tó tún burú jù ú lọ ni ti ẹ̀yìn kọ́tìnì. O sáré wọlé bá mi, o ní, “Àmúsà, kí ló dé?” Mo lè sọ ọ́ níbẹ̀. Ẹnu mi ní, “Ẹwìrì ti jò.” O kò tiẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. O gbá orí mú, o ní, “Ìwọ sọ ọ́, o ní ká lo tapólì. Èmi ni mi ò gbọ́. Má bínú, Káfíńtà, mo ba iṣẹ́ rẹ jẹ́ lójú ayé.” Ìwọ lò ń bẹ̀ mí. Mo sì gba ẹ̀bẹ̀ náà. Mo ní kò burú.

Mo gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì jáde, mo lọ sílé. Kò pẹ́ tí Sìdíkátù fi wọlé, ó wọ léèsì, ó kun ojú. Mo bi í léèrè àwọn ará Ìṣẹ̀rí-Olófin tó ní òun ń lọ kí. Ó ní òun kò lọ sí Ìṣẹ̀rí kankan, àárín àwọn obìnrin ìjọ yín ni òun jókòó sí. Ó ní ìwọ àti Agnes lẹ pe òun, tí ẹ ní kí òun má sọ fún mi, pé bí orin náà bá ti parí, wàá ká kọ́tìnì, wàá fà mí lọ́wọ́ jáde, wàá mú mi jókòó sórí àga yẹn lójú gbogbo èèyàn, wàá sì sọ fún wọn pé ẹni tó kan dùrù nìyí. Ó ní ọwọ́ ara rẹ lo fi kan àga náà lẹ́yìn ilé rẹ, ìwọ tí o ò mọ ayùn dì mú. Agnes ní kí o lọ ra èyí tó dáa, o ní o ò lè gbé iṣẹ́ káfíńtà mìíràn fún Àmúsà jókòó lé.

Ó wá bi mí pé kí ló ṣe ẹwìrì. Mo ní ó jò. Ó káàánú rẹ, ó wọ kíṣìnnì, ó se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, ó ní òun ń gbé e lọ fún ọ ní Ẹgbẹ́dá kí o lè fi jẹun. Mo ń wò ó títí ó fi gbé abọ́ náà jáde.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn jù ni pé mo mọ àṣà yìí. Yorùbá wo ni kò mọ̀ ọ́n? Ẹni tó bá fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ èèyàn, ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ló ti ń bẹ̀rẹ̀, orúkọ èèyàn á wá tẹ̀ lé e. Àwa ní mọ́ṣáláṣí kì í ṣe é lọ́nà mìíràn. Nígbà wòlímà Qonitah ọmọ mi, ìwọ lo fa omi wọ inú ọgbà, ìwọ lò ń gbé àga láti àárọ̀. Mo wọ jálàbíyà, mo di makirofóònù mú, mo ní Ọlọ́run nìkan ló ṣe é. Ìgbà tí àwọn èèyàn jẹun tán ni mo tó dárúkọ rẹ. O jókòó síbẹ̀ jẹ́jẹ́, ò ń jẹ ìrẹsì rẹ. Èmi ni mi ò lè dúró kí orin kan ṣoṣo parí.

Ọjọ́ Ajé ni Agnes sọ fún wa pé ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ti jókòó lé ọ̀rọ̀ náà, pé ìwọ fúnra rẹ lo ní kí wọ́n tú u, pé o ní ọwọ́ rẹ kì í ṣe ọwọ́ tó ń ṣe ohun ńlá, o ò sì ní tẹ dùrù mọ́. Nítorí ìyẹn ni mo fi wá sí Ayọ̀bọ̀ tí mo sì sá padà. Lánàá ni mo jẹ́wọ́ fún Sìdíkátù. Mo rò pé ó máa pariwo. Ó pa gáàsì, ó jókòó, ó ní, “Bàbá Qonitah, ọbẹ̀ tí mo gbé lọ ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n gbé e.” Ó ṣì ń gbé oúnjẹ fún mi, ṣùgbọ́n kì í jókòó tì mí mọ́.

Láàárọ̀ yìí mo lọ bá àlùfáà yín, Rẹ́fúrẹ́ńdì Olúgbénga. Mo sọ gbogbo rẹ̀ láìyọ ọ̀kan sílẹ̀. Ó ní kí n jẹ́ kí òun rí i. Mo wọ ẹ̀yìn kọ́tìnì, mo tẹ ẹwìrì, ó fi ìka kan tẹ dùrù, Bàbá dá a lóhùn. Ó ní wọn kò ní fọwọ́ kàn án ní Sátidé. Ó ní ṣùgbọ́n ìwọ lo ní kí wọ́n tú u, bí o kò bá wá tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ Àìkú, òun kò ní ẹnu láti dá ìgbìmọ̀ dúró mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi ṣàlàyé fún ìjọ. Ó kọ̀. Ó ní, “Ojú gbogbo wọn lẹ ti dójú tì í, ojú gbogbo wọn náà lẹ ó ti tún un ṣe.”

Mo ti gbà. Lọ́jọ́ Àìkú, èmi Àmúsà ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ máa jáde síwájú, níbi tí kò sí kọ́tìnì, màá sì sọ fún wọn pé ẹsẹ̀ ta ló pa dùrù. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an ni. Wọ́n á gbọ́ ní mọ́ṣáláṣí wa, Zikrullah á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọdún á fi yí po. Kò burú. Ìtìjú tí mo gbé lé ọ lórí yẹn, èmi ni mo ni ín, mo fẹ́ gbà á padà.

Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ fún ni pé kí o wá. Má kí mi bí o kò bá fẹ́ kí mi. Ṣáà jókòó sídìí dùrù rẹ, kí o sì mú orin náà láti ẹsẹ kẹta. Bí o kò bá fẹ́ kí n tẹ ẹwìrì fún ọ mọ́, kọ́ Olúwakáyọ̀dé ọmọ rẹ. Mo ti fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa wà. Sọ fún un kó máa tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, kó má sì gbé ẹsẹ̀ kúrò, ohun yòówù kó gbọ́.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ọwọ́ rẹ rọ. Ohun tí o bá dáwọ́ lé kò ní dákẹ́ lójú ọ̀tá, kò sì ní dákẹ́ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ bíi tèmi. Kí Ó fún Agnes ní ìfọ̀kànbalẹ̀, kí Ó fi Olúwakáyọ̀dé ṣe ẹni tí ẹ ó fi yangàn. Kí Ó dárí jì mí, kí Ó sì rọ ọkàn tìẹ náà. Àmín.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tó dójú tì ọ́, tó ṣì ń fẹ́ kí o pe òun ní Káfíńtà,
Àmúsà.

Ọ̀rọ̀ tó kù: Mo gba àga náà lọ́wọ́ Rẹ́fúrẹ́ńdì, ó wà ní ìsọ̀ mi báyìí. Ẹsẹ̀ kan kúrú, o kan ìṣó jọ síbi tí ẹyọ kan ì bá tó, o sì gbàgbé láti fá ẹ̀yìn rẹ̀. Mo ti gbé ìfági kí n tún un ṣe, mo sì gbé ìfági náà sílẹ̀. Bó ṣe wà yẹn ni màá gbé e padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ dùrù. Mi ò ní jókòó lé e àfi bí ìwọ fúnra rẹ bá ní kí n jókòó. Títí di ìgbà náà, orí ìdúró ni wàá bá mi.